Ọjọ́ Tí A Dáná sí Ààrò Méjèèjì

Nígbà tí mò ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ní Ìkìrun, ìbéèrè kan wà tí kì í wọ́n nínú ìdánwò: kí ló fa ìdẹnukọlẹ̀ ọrọ̀ ajé ní Yúróòpù, kí sì ni ọ̀nà àbáyọ? Mo ti kọ ìdáhùn rẹ̀ sójú pátákó títí ọwọ́ mi fi lè dá a kọ. Ìjọba yá owó ju agbára wọn lọ. Báńkì kó owó fún ẹni tí kò ní lè dá a padà. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń ná owó kan náà, bẹ́ẹ̀ àpò wọn ò dọ́gba. Àwọn ọmọ á há a sórí, wọ́n á lọ dà á sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ó parí. Ká sòótọ́, èmi tí mò ń kọ́ wọn náà ò rò ó rí pé àwọn èèyàn kan ń gbé inú ìdáhùn yẹn.

Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni mo ti wá mọ̀ wọ́n.

Iṣẹ́ búrẹ́dì ló gbé mi débẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ tíṣà. Ìyá mi ló ni ilé búrẹ́dì kan ní ìlú wa nígbà náà, inú fulawa ni mo dàgbà sí. Alhaji, ọmọ ìlú wa tó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ilé búrẹ́dì tirẹ̀ lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin, ó sì ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ búrẹ́dì ilé, èyí tó máa ń fà bí èèyàn bá ń ya á. Òun ló fi ilé iṣẹ́ rẹ̀ dúró fún mi lọ́dọ̀ ìjọba kí wọ́n tó fún mi ní ìwé ìgbélùú. Èmi àti Mọrẹ́nikẹ́ ọmọ mi la jọ wá, nítorí bàbá rẹ̀ ti kú. Ohun tí ìwé náà wí kò lọ́jú pọ̀. Bí ilé búrẹ́dì Alhaji bá wà, àwa náà wà. Bó bá kógbá sílé, kí n yára wá ilé iṣẹ́ mìíràn tí yóò dúró fún mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n di ẹrù mi. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi ni mo ti ń fetí sí ìró ààrò wa bí ìyá ọmọ tuntun ṣe ń fetí sí èémí ọmọ rẹ̀.

Nunhead, tí kò jìnnà sí Peckham, là ń gbé, nínú yàrá kan lókè ilé onílé. Ní ọ̀sẹ̀ tí a kọ́kọ́ dé, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ládùúgbò ni mò ń kí, bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Obìnrin kan dúró, ó wò mí tàánútàánú, ó bi mí bóyá mo sọnù ni. Mo jáwọ́ nínú ìkíni. Nígbà tó yá mo rí i pé ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé láti ilé dé ibi iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní pe orúkọ mi. Òtútù tí gbogbo èèyàn fi dẹ́rù bà mí kí n tó kúrò nílé sàn ju ìyẹn lọ, torí òtútù ní aṣọ tí a lè wọ̀ sí i.

Inú dídùn náà wà o, kí n má di aláìmoore. Ìyá àgbà kan wọ bọ́ọ̀sì wá láti Deptford lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó ń po búrẹ́dì tóun ń rà ní ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, pé láti ìgbà tí ìyá òun ti kú lóun ò ti jẹ irú ẹ̀ mọ́. Ó dì mọ́ mi tòun ti fulawa tó wà lára mi. Mo rìn lọ sílé lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Lẹ́yìn náà ni gáàsì gbówó lórí. Ogun ń jà níbì kan ní Yúróòpù, fulawa tẹ̀ lé gáàsì, iná mànàmáná tẹ̀ lé fulawa. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń gba búrẹ́dì lójoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fo ọjọ́ kan. Ẹni tó ń ra odindi wá ń béèrè bóyá a lè gé e sí méjì. Ní òwúrọ̀ kan tí mo dé ibi iṣẹ́, mo bá ọ̀kan nínú ààrò wa méjèèjì ní tútù. Mo gbé ọwọ́ lé e bí ẹní ń yẹ ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá wò. Alhaji kọjá lẹ́yìn mi. Mo kí i, mo béèrè bí nǹkan ṣe ń lọ.

“A dúpẹ́,” ó ní.

Kí ni kó tún sọ? Ẹni tí wọ́n bá tọ́ dáadáa láàárín wa kì í fi ọ̀nà mìíràn dáhùn. Ebi lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́ kú, bí wọ́n bá bi ọ́ pé báwo ni, a dúpẹ́ ni. Bí a bá sọ aburú jáde lẹ́nu, a gbà pé ó lè gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ kó yà wọlé. Èmi náà ṣáà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá pe ìyá mi láti òpópónà Rye Lane. Á ní ṣé dáadáa la wà, màá ní a dúpẹ́, Màmá, a dúpẹ́. Èmi náà á bi í, á ní kò síyọnu. Fulawa tó wọ́n ti pa ilé búrẹ́dì tirẹ̀ kí n tó kúrò nílé, òun nìkan ló wà nínú ilé, síbẹ̀ kò síyọnu.

Ẹnì kan ṣoṣo láàárín àwa òṣìṣẹ́ Alhaji tí kì í dáhùn báyẹn ni Kọ́sítà. Ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì ni, Bàbá Kọ́sítà là ń pè é nítorí ewú orí rẹ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá bi í pé báwo ni, á sọ fún ọ pé orúnkún ń dun òun, oorun òun ò tó, ọmọ òun ò pe òun. Mo máa ń sá fún un níbẹ̀rẹ̀. Ó ti ní ilé búrẹ́dì tirẹ̀ rí nílùú rẹ̀, títí ọrọ̀ ajé wọn fi dẹnu kọlẹ̀ tó sì wá sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ọjọ́ kan tí a jọ ń dúró kí búrẹ́dì wú, mo ka ìdáhùn ojú pátákó mi fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó tẹ́tí títí mo fi parí, ó ní kò sí irọ́ níbẹ̀, pé òun wà nínú gbogbo rẹ̀. Òṣìṣẹ́ báńkì ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù òun, tó ń bẹ òun kóun wá yáwó. Òun fi ra ààrò kejì. Owó orí tó yẹ kóun san, òun ń san díẹ̀, òun ń gbé díẹ̀ pa mọ́, aládùúgbò òun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá bi ìjọba, ìjọba á ní ara le. Àwọn tó ń yá ìjọba lówó náà ń rí èlé wọn gbà, wọn ò wo abẹ́ aṣọ. Nígbà tí òtítọ́ fi máa jáde, ó ti tóbi ju ẹni tó lè gbé e lọ.

Mo ní àṣìṣe wọn ni pé wọn ò ní owó tiwọn. Ẹni tó bá ní owó tirẹ̀ lè jẹ́ kó wálẹ̀, kí ọjà rẹ̀ lè pọ́ọ́kú lójú àjèjì. Bí mo ṣe ń kọ́ ọ ní kíláàsì nìyẹn. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo rántí náírà tiwa, tó wálẹ̀ wálẹ̀, tí ọjà àjèjì wá di ohun tí apá wa ò ká mọ́, tó sì jẹ́ pé fulawa òkèèrè yẹn gan-an ló ti ilẹ̀kùn ilé búrẹ́dì ìyá mi. Mo sọ ìyẹn náà fún un. Àwa méjèèjì wá ń wo búrẹ́dì.

Mo bi í kí ló wá jẹ́ àbáyọ. Ó ní àwọn tó wá tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ ni. “Wọ́n dín owó oṣù tíṣà kù,” ó ní, “tíṣà ò ra búrẹ́dì mi mọ́. Mo dá ọmọọṣẹ́ mi dúró, ọmọọṣẹ́ mi ò ra ẹran mọ́. Alápatà ti ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wa ń ṣọ́wó ná, ìlú sì ń kú.” Ó ní ohun tí ì bá ràn wọ́n lọ́wọ́ ni kí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nígbà tí ọgbẹ́ ṣì kéré, kí ẹni tó yáwó àti ẹni tó yáni lówó sì jọ gbé àdánù náà, torí àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ṣe é. Mi ò mọ̀ bóyá ìdánwò á fún un ní máàkì. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ààrò tútù tó wà lẹ́yìn wa, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí gan-an.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Alhaji pe gbogbo wa jọ. “Landlord ń rán agent ẹ̀ wá lọ́la,” ó ní. “Ó fẹ́ wá wo bá a ṣe wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé ara wa níyì.”

Kò sọ ohun tí agent náà ń bọ̀ wá wò, a ò sì bi í. Àlejò ń bọ̀, ó tó. A fọ ilẹ̀ títí ó fi ń dán. Mo mú aṣọ tábìlì láti ilé. A dáná sí ààrò méjèèjì, a yan búrẹ́dì ju èyí tí a lè tà lọ, kí pẹpẹ lè kún. Alhaji bẹ àwọn ojúlùmọ̀ láti mọ́ṣáláṣí kí wọ́n ṣáà yà wá nírú àkókò báyìí, kí ẹnu ọ̀nà má baà dá páropáro. Òun fúnra rẹ̀ wọ aṣọ Jímọ̀ rẹ̀. Èmi yan mítìpáì, mo kun ètè. Kọ́sítà nìkan ni kò pààrọ̀ épúrọ́ọ̀nù.

Ọmọ òyìnbó kan báyìí ni agent náà, aṣọ òtútù rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ó wò yíká, ó ní ó jọ pé ọwọ́ wa dí. Alhaji ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó bi í bóyá ààrò méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Alhaji ní méjèèjì ni. Ó yíjú sí mi, ó béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní a dúpẹ́, sà, mo sì tún gbé mítìpáì kan lé e lọ́wọ́. Ó jẹ ẹ́, ó yìn ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Orí gbogbo wa wú. A ò jẹ́ kí àlejò bá ilé wa ní wúruwùru.

Ìgbà tó lọ tán ni Kọ́sítà bi Alhaji léèrè ohun tí ọkùnrin náà wá ṣe. Alhaji ní òun ti bẹ onílé ibi iṣẹ́ wa pé iṣẹ́ ò lọ dáadáa, pé kó bá òun dín owó ilé kù títí nǹkan á fi rọ̀, onílé sì ní òun á rán ẹni wá wò ó bóyá lóòótọ́ ni.

Kọ́sítà rọra jókòó sórí àpò fulawa. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń wo pẹpẹ tó kún fọ́fọ́. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbà mí, torí ohun tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Mo lọ dúró sí ẹ̀yìn ilé, mo di ògiri mú.

Agent náà fóònù kò pẹ́ sígbà náà. Ó ní onílé kí wa, pé ohun tí òun fojú òun rí kò jọ ilé tó ń ṣòjòjò, nítorí náà kò sí àdínkù. Alhaji jáde sọ fún wa, ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní bó bá rí báyìí, òun ò mọ̀ bóyá a ó rí ìparí òtútù. Ó ní bóyá kí gbogbo wa gba àdínkù nínú wákàtí iṣẹ́ wa. Lójú ẹsẹ̀ ló rántí pé tèmi ò ṣeé dín kù, torí iye tó wà nínú ìwé ìgbélùú mi ni òfin ní kó máa san. Bí wọ́n bá dín tàwọn yòókù kù, èmi ni wọ́n á máa fi àwẹ̀ wọn bọ́. Bí wọ́n bá dín tèmi kù, ìwé mi bà jẹ́. Gbogbo wọn wò mí, lẹ́yìn náà wọ́n mójú kúrò.

Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Mọrẹ́nikẹ́ ti to gbogbo ohun tó fẹ́ fi ṣeré sórí ibùsùn, ó ń kọrin kan tí wọ́n kọ́ wọn níléèwé. Ó wo ojú mi, ó sì dákẹ́ orin. “Mummy, ṣé a tún fẹ́ move ni?” ó ní. “Because Miss ti fi mí sí choir. I can't just leave.” Mo ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Bàtà tuntun rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rù bà mí láti wò ó. Ibo ni mo fẹ́ mú un padà sí? Mo ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, mo ti ta ohun gbogbo tó ṣeé tà. Ọmọ náà ti ń gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ àwọn nǹkan ní ilé. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ilé ni ilé ń jẹ́, ṣùgbọ́n ilé tí mo kúrò ńbẹ̀ ò sí mọ́, èyí tí mo wà ńbẹ̀ sì tún ń yẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Mo ro gbogbo àwọn tó wà nínú ìdáhùn ojú pátákó mi, àwọn tí ẹnikẹ́ni ò béèrè orúkọ wọn nínú ìdánwò, mo sì mọ̀ pé mo ti di ọ̀kan nínú wọn.

Nígbà tí a tún pàdé níbi iṣẹ́, Kọ́sítà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun mọ ibi tí ọ̀nà àdínkù wákàtí ń já sí, òun ti rìn ín rí. Ó ní kí wọ́n pe agent náà padà, kó wá bá wa bí a ṣe wà, láìgbálẹ̀, láìdáná.

Ojú Alhaji yí padà. “Kí n tú ara mi láṣìírí fún ọmọ kékeré yẹn? Èmi? Ní Peckham tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ mí?”

Mo kúnlẹ̀. Mi ò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn. “Alhaji, ẹ jọ̀ọ́,” mo ní. “Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi àti ti ọmọ mi ló wà nínú tara yín o, sà.”

Alhaji na ọwọ́ sí mi. Ó ní kí n dìde, pé kí n lọ pè é.

Agent náà wá lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀. Ààrò kan ló ń jó. Pẹpẹ kò kún dé ìdajì. A wọ kóòtù lé ara wa nítorí òtútù. Ó kí Alhaji, ó bi í bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Alhaji yanu. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń bọ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ láti kékeré. Ọkọ̀ ojú irin kọjá lórí wa, gbogbo páànù búrẹ́dì gbọ̀n.

“Kò dáa, sà,” mo ní. “Ààrò yìí ti tutù látọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ gbé ọwọ́ lé e.”

Ó wo Alhaji, Alhaji wolẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Ó bi mí kí ló dé tó fi ń jó lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ wá. Mo ní torí pé àlejò wa ni. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín, kò rín. Ó ní àwọn tó ti kógbá sílé lábẹ́ afárá náà pọ̀, gbogbo wọn ló ń sọ fún òun pé kò síyọnu, títí di ọjọ́ tí wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Onílé dín owó ilé kù, títí di ìgbà tí ooru bá dé, ó ní lẹ́yìn náà a ó tún ọ̀rọ̀ sọ. Kò ju kí a fi mí díẹ̀ lọ. Alhaji ò wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ohun tí mo bá rò kó tó ra fulawa. A ń ṣiṣẹ́, Mọrẹ́nikẹ́ ń lọ kọrin, ẹ̀rù sì ṣì ń bà mí. Ní gbogbo òwúrọ̀, kí n tó bọ́ kóòtù, ààrò kejì ni mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ó ṣì tutù.

Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn náà, mo pe ìyá mi láti Rye Lane, Mọrẹ́nikẹ́ di ọwọ́ mi kejì mú. Màmá bi mí bí ó ṣe máa ń bi mí: ṣé dáadáa la wà? Ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ètè mi. Mo gbé e mì.

“Màmá, ẹ̀rù ń bà mí,” mo ní.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ààrò, onílé, ìwé ìgbélùú, láàárín àwọn tó ń ra ẹja àti àwọn tó ń lọ wọ bọ́ọ̀sì.

“Mo ti mọ̀,” Màmá ní. “Bó o bá ní a dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọkàn mi máa ń balẹ̀. Bó o bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo máa ń mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọ́. Ó pẹ́ tó o ti ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.”

Ó ṣàdúrà fún wa, gígùn. Mo ṣe àmín. Ara mi fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, mo tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo wá rántí pé mi ò tíì béèrè tirẹ̀.

“Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá? Ṣé ara yín le?”

“A dúpẹ́,” ó ní. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. “A dúpẹ́, ọmọ mi.”